Ẹsẹ Àkọ́sórí Tí Kì Í Sá Lọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Odindi Sáàmù 121 Sórí ní Ọjọ́ 10

Ọ̀pọ̀ wa la ti kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí láìmọye ìgbà tí kò dúró. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, gbogbo kíláàsì á ka ẹsẹ àkọ́sórí papọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnìkọ̀ọ̀kan á dìde kà á, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti di "ibì kan wà nínú Bíbélì tó sọ pé…" Bí wọ́n bá ní kí kálukú ka ẹsẹ kan láìròtẹ́lẹ̀, "Jésù sọkún" ni ẹni mẹ́ta á kọ́kọ́ sáré mú. Kì í ṣe pé orí wa kò pé. Ojú la fi ń kọ́ ọ, a kì í fi ẹnu kọ́ ọ.

Mo mọ ohun tó ń náni. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń tọ́jú màmá mi ní ọsibítù, iná lọ, fóònù mi ti kú, màmá sì ní kí n ka Sáàmù kan fún àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀: "Èmi ó gbé ojú mi sí orí òkè wọ̀nnì…" Mo dé ẹsẹ kẹta, ó pin. Sáàmù tí mo ti ń kà láti kékeré ni o. Màmá mi, tí wọn kò mọ̀wé kà, ni wọ́n gbà á lẹ́nu mi nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n sì kà á dé "títí láéláé" láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Etí àti ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ìyá tiwọn. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, àti ohun tí mo ti rí nínú kíláàsì tí mò ń kọ́ láti ìgbà náà, ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

Sáàmù 121 la ó fi ṣiṣẹ́. Ẹsẹ 8 péré ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Kristẹni Yorùbá tí kò mọ ìdajì rẹ̀, méjìméjì sì ni àwọn ẹsẹ rẹ̀ ń rìn. Ọjọ́ kìíní wà fún òye, ọjọ́ kejì dé ìkẹsàn-án fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kẹwàá fún odindi rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Bíbélì kan ṣoṣo. Ẹ mú ìtumọ̀ kan, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi parí. Ọ̀rọ̀ inú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ àti ti Bíbélì Ìròyìn Ayọ̀ kò bára mu délẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀kan láàárọ̀, tó tún ka èkejì lórí fóònù lálẹ́, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà lẹ́nu rẹ̀. Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ ni mo lò níbí, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá lónìí. Níbi tí tiyín bá ti ní "yio", "aiye" àti "on", yóò, ayé àti òun náà ni. "Oluwa li" àti "Olúwa ni" kò yàtọ̀ nítumọ̀, ẹ ṣáà mú ọ̀kan, kí ẹ dúró lé e.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó sùn. Wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé kò lè dípò rẹ̀.
- Ẹnì kan tí yóò máa gbọ́ yín: ọkọ, aya, ọmọ, ará ilé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ Bíbélì, kó ṣáà lè fi ìka tẹ̀lé ohun tó wà nínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú odindi àyọkà, kí ẹ sì kọ́kọ́ lóye rẹ̀ (ọjọ́ kìíní)

Ẹsẹ tí a já kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọrùn láti gbàgbé, ó sì tún rọrùn láti ṣì lò. Ẹ wo Mátíù orí kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù fi ohun tó wà nínú ìwé Diutarónómì dáhùn (8:3, 6:16 àti 6:13), nínú aginjù tí kò ti sí ìwé tí yóò ṣí. Ṣùgbọ́n Èṣù tó ń dán an wò náà ka Ìwé Mímọ́. Sáàmù 91:11 àti 12 ló kà, ó sì fo gbólóhùn kan níbẹ̀: "láti pa ọ́ mọ́ ní ọ̀nà rẹ gbogbo." Ẹni tó bá mọ odindi Sáàmù náà ni etí rẹ̀ á gbọ́ pé nǹkan sọnù. Ẹni tó mọ àbọ̀ á ṣe àmín.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní, ẹ má kọ́ nǹkankan sórí. Ẹ ka Sáàmù 121 sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ìwé yín.

Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ẹsẹ 1 àti 2 sọ pé "mi": ẹnì kan ń sọ ti ara rẹ̀. Láti ẹsẹ 3 lọ ó di "rẹ" àti "ọ́": ẹlòmíràn ti ń dá a lóhùn, bí ìgbà tí ẹni tó ń lọ sírìn àjò bá sọ ìbẹ̀rù rẹ̀, tí àgbà sì ń súre fún un. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn méjèèjì yìí, ẹ kò ní í ṣi "mi" sọ níbi tó yẹ kó jẹ́ "rẹ."

Ọ̀rọ̀ wo ló lè ṣini lọ́nà? Mo ti rí mẹ́ta. Ẹsẹ kìíní, ìbéèrè ni: "níbo ni ìrànlọ́wọ́ mi yóò ti wá?" Ọ̀pọ̀ ń kà á bí ẹni pé ara òkè yẹn ni ìrànlọ́wọ́ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ kejì ló dáhùn, ó ní ti ọwọ́ Olúwa ni. Ní ẹsẹ kẹta, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn ni "kí ẹsẹ̀ rẹ kí ó yẹ̀" ń sọ. Ní ẹsẹ keje, "kúrò nínú ibi gbogbo", aburú ni ibi yìí, kì í ṣe àyè. Àwọn ọmọ kan ní kíláàsì mi ti kà á fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú èrò pé Olúwa ń mú àwọn kúrò níbi gbogbo tí àwọn bá wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orúkọ kúkúrú fún ẹsẹ méjìméjì. Tèmi nìyí: 1–2, *Ta ló ń ràn mí lọ́wọ́?* 3–4, *Kì í sùn.* 5–6, *Òjìji.* 7–8, *Àlọ àti àbọ̀.*

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á fo ọjọ́ kìíní yìí, wọ́n á ní àwọn ti mọ Sáàmù náà. Ohun tí kò yéni, ohùn lásán ló wà lórí, ohùn lásán kì í sì í pẹ́ kó tó ṣá.

*Àyẹ̀wò:* ẹ pa Bíbélì dé, kí ẹ sọ Sáàmù náà fún ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiyín, láti orí dé ìdí. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ tí ó sì yé e, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún un kà lọ́la.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹsẹ kan lóòjọ́, kí ẹnu ṣe é (ọjọ́ kejì dé ìkẹsàn-án)

Níbí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ìyókù tí ẹ kò ṣe eléyìí, òfo ni. Ẹ jẹ́ ká mú ẹsẹ kẹta: "Òun kì yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kí ó yẹ̀; ẹni tí ń pa ọ́ mọ́ kì yóò tòògbé."

1. Ẹ wo ìwé, kí ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó.
2. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kí ẹ sọ ọ́.
3. Níbi tí ẹ bá ti há, ẹ má tètè ṣí ọwọ́. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ sì máa wá a. Ìwákiri yẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ rídìí múlẹ̀. Ẹni tó bá ń yára yọjú wòwé, ó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọpọlọ ara rẹ̀.
4. Bí kò bá wá, ẹ ṣí ọwọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó sọnù nìkan, ẹ bò ó padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà.
5. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìwòwé, láìṣì, ẹ dìde. Ẹ má fi ìtara kọ́ ẹsẹ kejì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà.
6. Lálẹ́, nígbà tí ẹ bá ti pa iná, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fọwọ́ kan Bíbélì, ẹ tún sọ ọ́, àti gbogbo ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á ka ẹsẹ kan ní ogún ìgbà pẹ̀lú ojú lórí ìwé, yóò sì máa dùn mọ́ wọn lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló dá a mọ̀, ẹnu kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́: ọjọ́ tí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ ló máa tó mọ̀ pé òun kò mọ̀nà.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà, tàbí ọmọ tó ń dàgbà ní London tàbí Houston tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè kà á, iṣẹ́ náà kò yí padà. Kí ẹlòmíràn ka ẹsẹ kan sínú fóònù ní pẹ̀lẹ́, kó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kó gbọ́ ọ, kó sọ ọ́ nínú àlàfo náà, kó tó tún fi etí sí i. Ohùn òbí tàbí òbí àgbà ló dáa jù, torí ọmọ á gba ohùn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kó rí.

*Àyẹ̀wò:* ẹsẹ àná gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó mu omi pàápàá, láìwòwé. Bó bá jáde pẹ̀lú ìfàsẹ́yìn díẹ̀, ó dáa. Bí kò bá jáde rárá, ẹ má ṣe mú ẹsẹ tuntun lónìí. Ọjọ́ 10 lè di 12, kò sóhun tó bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣọ́ ohùn àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké

Èdè wa kò gba àṣìsọ níbi kan. Ẹsẹ kẹfà: "Oòrùn kì yóò pa ọ́ nígbà ọ̀sán." Ẹsẹ keje: "Olúwa yóò pa ọ́ mọ́ kúrò nínú ibi gbogbo." Ẹ yọ "mọ́" kúrò nínú ẹsẹ keje, ẹ wo ohun tí ẹ sọ nípa Olúwa! Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọdún méje lórí pèpéle ìkórè, ìjọ rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sọkún. Kò mọ ohun tó ṣe. Àwa tí a kọ́ ọ ni kò fi hàn án.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni *pa mọ́* yìí wà nínú Sáàmù náà: lẹ́ẹ̀kan ní ẹsẹ 3, 4, 5 (níbi tó ti di "olùpamọ́") àti 8, lẹ́ẹ̀mejì ní ẹsẹ 7. Ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tí Sáàmù náà wá sọ nìyẹn, òun náà sì ni òpó tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ kò gbọ́ mẹ́fà, ẹsẹ kan ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ "àlọ àti àbọ̀." Àlọ́ tí à ń pa fọ́mọdé yàtọ̀ sí àlọ tí à ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gòkè níparí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi orin kọ́ ọ, ó dáa púpọ̀, orin kì í tètè kúrò lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn orin òyìnbó gbé e. Ẹni tó bá ti kọ orin ìyìn àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ bí ohùn orin ṣe lè yí ọ̀rọ̀ Yorùbá padà di nǹkan mìíràn. Ẹ sọ ẹsẹ náà bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí orin tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń sún mọ́ ohùn ewì ju ti dùùrù lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ ṣí Bíbélì, kí ẹ fi ìka tẹ̀lé e bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ẹnu àti ìwé kò ti bára mu. Àmì yẹn lẹ ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́la.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ so oríkèé pọ̀

Bí ẹnì kan bá mọ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan tí kò sì lè ka odindi rẹ̀, oríkèé ló ń dùn ún. Láàárín ẹsẹ kan àti èkejì ni a ti máa ń dúró. Níbẹ̀ gan-an ni mo dúró sí lálẹ́ ọjọ́ ọsibítù yẹn.

Ẹ má tún ẹsẹ kọ́. Ẹ mú ìparí ẹsẹ kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e, kí ẹ sọ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún láìmí láàárín. Ẹ tún wá ohun tó so wọ́n:

- 1 sí 2: "ìrànlọ́wọ́ mi" wà nínú ìbéèrè, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn.
- 2 sí 3: "…ọ̀run òun ayé. Òun kì yóò…" Ìtumọ̀ méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n etí á fi ọ̀kan fa èkejì. Láti ìgbà tí mo ti rí i, n kò dúró síbẹ̀ mọ́.
- 3 sí 4: "tòògbé" wà nínú méjèèjì. Ewu ni: ẹnu á fò láti "tòògbé" ti ẹsẹ 3 bọ́ sí "bẹ́ẹ̀ ni kì yóò sùn", ẹsẹ 4 á sì pàdánù orí rẹ̀. "Kíyèsí i" ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ má kọjá láìkí i.
- 4 sí 5: ẹni tí kì í sùn, òun ni olùpamọ́.
- 5 sí 6: òjìji ló pe oòrùn.
- 6 sí 7: "pa ọ́" bọ́ sí "pa ọ́ mọ́."
- 7 sí 8: "Olúwa yóò pa" ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ń sáré á ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ 7, á fi ìparí ẹsẹ 8 tì í, Sáàmù á sì tán láìpé. Ẹ rántí: ọkàn ṣáájú, àlọ àti àbọ̀ tẹ̀lé e.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: ẹ ka 7–8, lẹ́yìn náà 5–8, lẹ́yìn náà 3–8, kí ẹ tó ka odindi. Ìbẹ̀rẹ̀ la sábà máa ń tún kà jù, ìdí nìyẹn tí ìparí fi máa ń gbọ̀n.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹnì kan pe nọ́ńbà ẹsẹ èyíkéyìí, bí 4 tàbí 6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ dé òpin. Ẹni tó gbọ́dọ̀ padà sí ẹsẹ kìíní kó tó dé ibẹ̀ kò tíì so oríkèé náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Níwájú ẹlòmíràn, àti lórí ìwé

Ẹ kà á fún olùgbọ́ yín. Kí ó má ṣe ràn yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa sàmì síbi tí ẹ bá ti ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé láìwo Bíbélì, tàmì-tàmì. Ẹ kà á níbi tí ariwo wà náà: nínú danfo, nídìí àdìrò. Ohun tó bá wà lórí nínú yàrá ìdákẹ́jẹ́ nìkan kò tíì ṣe é gbé rìn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, láìní àṣìṣe tó yí ìtumọ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ àbẹ̀wò

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí kí ẹ tó gbàgbé: ọjọ́ 11, 13, 17, 24 àti 40, kí ẹ wá kọ déètì tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé àlàfo náà ń gbòòrò. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ láìwòwé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí Bíbélì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ 40, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ 10. Wọ́n á kà á níwájú ìjọ, wọn á yìn wọ́n, wọn kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá padà lọ́jọ́ 24 tí ẹsẹ méjì ti bọ́, ẹ má banú jẹ́, ìdí tí a fi dá ọjọ́ náà nìyẹn. Ẹ tún ẹsẹ méjì yẹn ṣe bí ti ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ sì fi ọjọ́ 27 kún un.

*Àyẹ̀wò:* ní ọjọ́ 40, ẹ kà á láìṣí Bíbélì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kó wọ inú àdúrà àti ìrìn yín

Onísáàmù ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo pa mọ́ ní àyà mi, kí èmi kí ó má bà á ṣẹ̀ sí ọ" (Sáàmù 119:11). *Pa mọ́* kan náà tún nìyẹn: Olúwa ń pa wá mọ́, àwa náà ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ mú ẹsẹ méjì lóòjọ́, kí ẹ sọ ọ́ padà fún Ọlọ́run. Ẹsẹ 1 àti 2: kí ni òkè tí mò ń wò lónìí, ta ni mo ti fi ìrètí sí? Ẹsẹ 8: orúkọ ẹni tó wà lójú ọ̀nà lónìí, ẹ fi sí ipò "rẹ", kí ẹ gbà á ládùúrà fún un.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ògèdè. Nínú ògèdè, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì ṣì í sọ ti bà á jẹ́. Mo rí àwọn Kristẹni tó ń ka Sáàmù yìí ní iye ìgbà kan pàtó sórí omi, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bí wọ́n bá ṣi iye náà kà. Sáàmù yìí fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó ń pani mọ́, lẹ́ẹ̀mẹfà. A ń kọ́ ọ láìṣì torí pé ọ̀rọ̀ Rẹ̀ ni, kí a sì lè rí i gbá mú nígbà tí iná bá lọ.

*Àyẹ̀wò:* láàárín oṣù kan, ṣé ẹsẹ kan nínú rẹ̀ ti wá sọ́kàn yín láìpè é, nínú ìbẹ̀rù, nínú ìbínú, lẹ́bàá ibùsùn ẹnì kan? Bí ó bá ti wá, ẹ kọ ọjọ́ náà àti ibi tí ẹ wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ náà. Bí kò bá tíì wá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹsẹ méjìméjì fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọjọ́ 40, ẹ mú Sáàmù 23, ẹsẹ 6 ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Mátíù 5:3–12, tí gbólóhùn rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi nílò ìgbésẹ̀ kẹrin gan-an. Sáàmù 103 ní ẹsẹ 22: ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ fún un. Màmá mi mọ̀ ọ́n, mo wà ní ẹsẹ 14 báyìí, àwọn ló ń gbọ́ mi lálaalẹ́ lórí fóònù.